Àyẹ̀wò áàpù mẹ́ta tí ń dá igi eléso àti ewéko ìgbẹ́ mọ̀

Igi tí èso wà lórí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro láti dá mọ̀. Èyí tí ń dààmú ènìyàn ni igi tí kò tíì so, tí a bá nínú ọgbà ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀, tí ẹni tí ó gbìn ín kò sì sí nítòsí mọ́. Irú igi bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ni mo bá, pẹ̀lú oríṣiríṣi ewéko tí ó lalẹ̀ hù sáàárín wọn, àwọn ni mo sì fi dán áàpù orí fóònù wò fún oṣù mélòó kan. Pl@ntNet, iNaturalist àti Seek ni mo lò jù, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan igi, Pl@ntNet ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Faransé ni, ọdún 2013 ni wọ́n sì gbé áàpù rẹ̀ jáde. Ó ń gba ju àwòrán kan lọ lórí igi kan náà, a sì lè sọ fún un pé ewé ni èyí, òdòdó ni tọ̀hún, èèpo igi ni ìkẹta. N kò mọ bí èyí ti wúlò tó títí mo fi kan igi àkọ́kọ́. Ewé rẹ̀ nìkan ni mo yà, òkèèrè ni mo sì dúró sí, nítorí náà orúkọ tí ó jáde pọ̀, kò sì sí èyí tí ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ga. Nígbà tí mo padà lọ ya èèpo rẹ̀ tí ó ń bó, tí abẹ́ rẹ̀ sì ń dán, tí mo tún ya ẹ̀ka kan tí ewé méjì méjì ti kọjú síra, gúáfà ni ó bọ́ sókè. Àwòrán mi ni kò tó tẹ́lẹ̀. Ìdá tí áàpù ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Bí àwòrán wa ṣe jọ àwọn tí ó ti rí rí ni ó ń wọ̀n, ewéko tí àwọn ènìyàn kò tíì yà púpọ̀ sì lè ṣì í lọ́nà.

Igi kejì ni ó fi ibi tí agbára wọn mọ hàn mí. Gbogbo wọn gbà pé ìdílé ọsàn ni, ṣùgbọ́n ọsàn wo? Ewé àwọn ọsàn jọra púpọ̀ nínú fọ́tò. Èmi fúnra mi ni mo wo ọ̀pá tí ó so ewé mọ́ ẹ̀ka, tí mo rí i pé ó gbòòrò bí ewé kékeré mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ti gerepú ṣe máa ń rí. Mo sì fọwọ́ ra ewé náà, mo gbóòórùn rẹ̀, ohun tí kámẹ́rà kankan kò lè ṣe. Mángòrò ni ìkẹta, kíá ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Irú mángòrò tí ó jẹ́ ni wọn kò lè sọ, nítorí Mangifera indica kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, èso ni ó sì ń fi ìyàtọ̀ hàn.

Fún ewéko ìgbẹ́, n kò rí èyí tí ó tó iNaturalist, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Berkeley dá sílẹ̀ ní ọdún 2008. Áàpù náà ń dábàá orúkọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, àfi bí ohùn wọn bá sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ ni a fi ń ka orúkọ ẹ̀yà náà sí èyí tí ìwádìí lè lò. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí ní kí n ya abẹ́ ewé kan fún òun, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yanjú. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ohun tí ó hù fúnra rẹ̀ ni ó jẹ wọ́n lógún, nítorí náà igi tí a fọwọ́ gbìn kì í rí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ gbà níbẹ̀.

Àwọn tí ó ni iNaturalist náà ni ó ṣe Seek, tí kò béèrè pé kí a forúkọ sílẹ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń dúró sórí ìdílé bí ẹ̀yà kò bá dá a lójú. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ìdúró yẹn ju ìdánilójú áàpù olówó kan tí mo ti yọ kúrò lórí fóònù mi, èyí tí ó fún igi kan ṣoṣo ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ méjì, láìfi àbá kejì kún un.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń wá ohun tí ẹ lè jẹ nínú ìgbẹ́: ẹ má ṣe fi èsì áàpù nìkan sẹ́nu. Òdòdó funfun bí agbòòrùn ni karọ́ọ̀tì ìgbẹ́ ní, bẹ́ẹ̀ náà ni Conium maculatum, tí májèlé rẹ̀ ń pani. Irun wà lára ọ̀pá tí ó gbé ti àkọ́kọ́ dúró. Ti èkejì ń dán, ó sì ní àmì tó-tò-tó aláwọ̀ àlùkò. Fọ́tò òdòdó tí a yà láti òkè kò ní fi ọ̀pá náà hàn rárá.

Igi kẹrin kò tíì ní orúkọ. Ó ti ń yọ ìrudi báyìí, mo sì ń dúró kí òdòdó rẹ̀ là kí n lè yà á pẹ̀lú ewé àti èèpo rẹ̀, kí n tún fi ránṣẹ́.