Ilẹ̀ bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ti dógùn-ún: fáíbà ni tàbí irin tuntun?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, di ilé alágbèéká ní Adó-Èkìtì, irin tó ti dógùn-ún nílẹ̀ ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá jà. Fáíbà, ìyẹn aṣọ onígíláàsì tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ló rọrùn jù fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ irin, nítorí kò gba iná mànàmáná, ènìyàn sì lè dá a ṣe lábẹ́ igi máńgòrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ọ̀sán wa máa ń mú kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ tètè le. Ṣùgbọ́n férémù ọkọ̀ yìí kò dá dúró lọ́tọ̀. Ara ọkọ̀ gan-an ló ń gbé ẹrù. Fáíbà tí a bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ yóò kàn bo àbùkù mọ́lẹ̀ ni, omi yóò sì máa jẹ irin lọ lábẹ́ rẹ̀, títí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí Ìkógòsì yóò fi já a.

Irin tuntun ni mo fara mọ́ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ ná ni lówó jù. Kí a wá ajórin tó ní ẹ̀rọ tí ń lo gáàsì àti wáyà tín-ínrín, nítorí irin ara ọkọ̀ náà kò nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ, iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó géètì yóò sì tètè lù ú jálẹ̀. Kí a kọ́kọ́ tú bátìrì àti táǹkì epo kúrò. Ní ti òrùlé, fáíbà tó.