Ọgọ́ta àbí ọgọ́rùn-ún: súìtì mélòó ni ká dì sí páálí kan?

Tó bá jẹ́ pé pípín ni, 60 ò lẹ́gbẹ́. Ẹni 2, 3, 4, 5, 6, 10, 12, 15, 20 tàbí 30 lè pín in láìṣẹ́kù. Pín súìtì 100 fún ọmọ mẹ́ta, ẹyọ kan á ṣẹ́ kù, ìjà dé! Orúkọ wọn gan-an ti sọ ọ́: ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún. Abájọ tí àwọn ará Bábílónì fi fẹ́ràn 60.

Ní ti ìṣirò owó, 100 ló yá jù. Ìdá 7 nínú 100 (7%) ò gba bírò.

Ẹ ò mọ iye ọmọ tó ń bọ̀? Ẹ di 60. Èrè ọjà lẹ fẹ́ mọ̀? Ẹ di 100.