Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́: ẹ má sanwó kí ẹ tó fojú rí i kó dé 300 bar

Ẹ̀yin ará Èkìtì kete, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ lé ọ̀kẹ́rẹ́ lóko kòkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì lórí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú ìbọn (bar ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ náà). ₦442,000 ló ti bá a lọ, mi ò sì tíì ka owó jẹnẹrétọ̀ tí mo háyà mọ́ ọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo tún pa á rẹ́, torí ojú ń tì mí. Àgbàlagbà bíi tèmi, ẹni tí àwọn èèyàn ń wá bá gba ìmọ̀ràn kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sóko, èmi náà ni wọ́n tan bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n lánàá mo rí i tí ọkùnrin tó tà á fún mi tún gbé àwòrán ẹ̀rọ míì síta, ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ sábẹ́ rẹ̀: “Tuntun nínú páálí, ẹ̀rọ tó ń gbé afẹ́fẹ́ dé 300 bar.” Mo ní ó tó. Kí ojú máa tì mí lọ, ó sàn ju kí ẹlòmíì tún kó sí i.

Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé. Oko mi wà níbi tí èèyàn ti ń wo òkè Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá ń ṣe kòkó mọ ohun tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń fojú wa rí: á dá èso lu, á jẹ inú rẹ̀, èyí tó kù á jẹrà sórí igi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìbọn afẹ́fẹ́, ìwé àṣẹ mi sì pé, torí òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ohun tí èèyàn ń gbàwé fún. Mò ń sọ èyí nítorí ohun tí ẹ máa kà níwájú.

Irú ìbọn tí afẹ́fẹ́ ń wà nínú àgbá rẹ̀ ni tèmi, 200 bar ló ń gbà. Pọ́ǹpù ọwọ́ ni mo ti ń fi rọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹni tó ti fa pọ́ǹpù yẹn rí mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Èjìká ọ̀tún mi ti ń dùn mí. Ẹ̀rọ fọkanáísà ò sì lè ràn wá lọ́wọ́, kò ju bíi 10 bar lọ. Táyà ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bíi 30 psi ló ń gbà (psi ni òṣùwọ̀n tí àwọn fọkanáísà ń lò). 300 bar tó bíi 4,350 psi. Ẹ fọkàn sí iye yẹn dáadáa, ó ju ìlọ́po 100 ti táyà lọ. Nǹkan tó ń kó agbára tó bẹ́ẹ̀ jọ, tí ẹnìkan wá jókòó tó ń fi irọ́ tà á.

Mo rí ìpolówó rẹ̀: 1800 watts, 220 volts, èyí tí wọ́n ń fi omi mú tutù. Ó ní ₦385,000. Níbòmíì, ₦520,000 ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá ní owó tó fi dínkù yẹn ò fà mí lójú, irọ́ ni mo pa. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Dámilọ́lá, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ lọ wò ó ná?” Mo ní Èkó jìnnà. Mo ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ á jẹ èrè tí mo rí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo kàn ju owó sígbó. Mo bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. “Dádì” ló ń pè mí. Ó fi fídíò ránṣẹ́, mo rí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, mo rí abẹ́rẹ́ géèjì tó ń gòkè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ inú fídíò kọ́ ló wà nínú páálí? Ta ló máa mọ̀? Mo sanwó. Mo tún fi ₦12,000 sí i fún wéébíìlì.

Mo lọ gbé e ní gáréèjì l'Adó. Láti Ajílósùn títí dé Ìkẹ́rẹ́ ni mo gbé páálí náà lé itan. Nígbà tí mo tú u nílé, òórùn ọ̀dà ló kọ́kọ́ lù mí nímú. Mo wo gíláàsì kékeré tí wọ́n fi ń wo óílì lára rẹ̀, óílì ti wà nínú rẹ̀, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ gbọ́ o: ẹ̀rọ yìí, bó bá jẹ́ tuntun, kì í bá óílì wá. Gbígbẹ ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ kí óílì má baà dà nù lọ́nà. Mo ti kà á rí. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní, “Dádì, a bá yín rọ ọ́ ni, kí ẹ má baà ṣe wàhálà.” Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo sọ fún un pé kí Ọlọ́run bù kún un!

Mo gbé garawa omi sílẹ̀, mo da pure water dídì sínú rẹ̀, mo ri pọ́ǹpù omi bọ̀ ọ́. Dámilọ́lá, ọmọ ọdún 12, ló ń bá mi wo omi náà pé kó má dá. Mo tú sukúrúù tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, mo dé sukúrúù padà, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é gan-an. Abẹ́rẹ́ gòkè dé 100 bar, ó rọra dé 110, ó dúró síbẹ̀. Ẹ̀rọ ń pariwo, ara rẹ̀ ń gbóná, abẹ́rẹ́ ò mira. Mo pa á kó tutù. Mo tún tan án. 110. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, 110.

Mo pè é. Ó ní iná wa ló kéré. Mo gbà, torí òótọ́ ni pé iná wa kì í lágbára lálẹ́. Mo háyà jẹnẹrétọ̀ 5 kVA. 110. Ó ní afẹ́fẹ́ ń jò. Mo po ọṣẹ, mo fi kan gbogbo oríkèé hóòsì, kò sí ìfófòó kankan. Ó ní kí n fún sukúrúù méjèèjì le, mo fún wọn le. Ó ní kí n pààrọ̀ òwú inú fílítà, ìyẹn asẹ́ afẹ́fẹ́, mo pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ló ń rán mi níṣẹ́ míì, ọ̀sẹ̀ méjì sì ń lọ. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ó kàn ń fi àkókò ṣòfò títí ọ̀rọ̀ ìdápadà owó á fi di ohun tó ti pẹ́ ni.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan l'Adó tó ní òun ń tún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣe. Ó ní ríìngì pístìnì ti jẹ. Ó gba ₦45,000. Ó dé 150, kí n tó gbé e délé ó tún di 110. Ìyẹn náà, nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní òun ò ṣèlérí pé ó máa pé. Ṣé mo wá lọ san ₦45,000 fún àdúrà ni?

Ọmọ àna mi ló wá tú àṣírí rẹ̀. Iṣẹ́ katakátá ló ń ṣe, ó mọ hóòsì àti síìlì dáadáa. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó tú orí ẹ̀rọ náà. Inú ibi tí pístìnì ń rìn ti ha, ìlà ìlà, bí ẹni fi èékánná ya ògiri. Ó ní wọ́n ti tan ẹ̀rọ yìí láìsí óílì rí, ó sì ti pẹ́. Ríìngì mẹ́wàá ò lè tún un ṣe. Tòkúnbọ̀ ni, wọ́n kàn kùn ún lọ́dà ni.

Mo rò pé ó ti parí. Ó wá fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mi orí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan.” Ibẹ̀ ló yẹ kí bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, pẹrẹsẹ, tí kò ju èékánná lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí agbára afẹ́fẹ́ bá kọjá ààlà, òun ló máa kọ́kọ́ bẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde, kí hóòsì má baà ya tàbí kí orí ẹ̀rọ má baà fò dà nù. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni irin. Ẹnìkan gé irin, ó fi fáìlì ha etí rẹ̀ yípo, ó nípọn bíi kọ́bọ̀ méjì tí wọ́n tò léra. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ojú ibi tí fáìlì ti ha á ṣì ń dán. Ẹni tó ṣe é fara balẹ̀ ṣe é. Ó jókòó, ó wọ̀n ọ́n, ó ha á débi tó fi wọ inú ihò náà rẹ́gí.

A wá wo wáyà tó yẹ kó pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ bá dé ibi tí a ṣètò sí. Wọ́n ti gé e, wọ́n sì so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Ká ní ríìngì tí mo fi ₦45,000 ṣe yẹn ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà ì bá máa gòkè lọ ni, láìsí ohun tó máa dá a dúró. Ọmọ mi sì wà nídìí garawa, kò jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mo kàn ń dìde lọ wò ó níbi tó sùn sí. Mo lè gbàgbé owó. Èyí, mi ò lè dárí jì í.

Mo ya àwòrán irin náà, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ sí mi? Ó ní bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kí n ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ìbọn ṣe. Ó rò pé ẹ̀rù á bà mí. Mo ya ìwé àṣẹ mi, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ti dí nọ́ńbà mi pa. Mo fi ti ìyàwó mi pè é, ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó pa á.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́. Ẹni tó bá pè mí ní “Dádì” lórí fóònù, ọkàn mi á ti fò. Gbogbo wọn ni wọ́n ní “tuntun nínú páálí”. Mo mọ̀ pé èyí tó ṣe déédéé wà nínú wọn, ẹni tó ta ìbọn fún mi ṣe dáadáa sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ó máa pẹ́ kí ara mi tó balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ lọ wò ó fúnra yín, kódà bó jẹ́ Èkó. Ẹ ní kí olùtajà dí ẹnu hóòsì, kí ó tan án títí dé 300 bar lójú yín, kí ó pa á, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 10. Abẹ́rẹ́ á sọ̀ díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń tutù, ìyẹn ò burú. Bó bá ń sọ̀ lọ láìdúró, ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ ní kí ó tú nọ́ọ̀tì bàbà yẹn kí ẹ rí i. Bó bá kọ̀, ẹ ti mọ ìdáhùn. Bí ẹ bá ti rà á: óílì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nọ́ńbà 46 ni, kó dé àárín gíláàsì, ẹ má rọ óílì ọkọ̀ sí i. Pọ́ǹpù omi ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn. Ẹ má jẹ́ kó gbóná kọjá 60°C. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ tú sukúrúù kí omi inú rẹ̀ jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ìbọn yín ni omi náà ń lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I pass my neighbour” ò lè gbé e. Ẹnìkan tiẹ̀ sọ fún mi pé kí n kúkú lọ rọ ọ́síjìn sí ìbọn lọ́dọ̀ wẹ́dà. Ẹ má dán an wò láé! Bí ọ́síjìn bá pàdé gírísì nínú agbára tó tó bẹ́ẹ̀, iná ni.

Ẹ̀rọ náà wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ẹnìkan wá bá mi láti Adó, ó ní òun á san ₦150,000 lórí rẹ̀ bó ṣe wà. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun mọ ibi tí wọ́n á ti bá òun tún un kùn. Mo fi irin yẹn hàn án, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun mọ̀, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní kó máa lọ. Ọmọ àna mi ti fi ayùn gé orí ẹ̀rọ náà sí méjì, kó má baà tún padà sínú páálí. Mọ́tò rẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè tà, mo sì ti kọ ọ́ sí i lára pé tòkúnbọ̀ ni.