Ọgbẹ́ àdá kan, gémù orí tábìlì márùn-ún: èwo ni kẹ́ ẹ náwó lé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gémù orí tábìlì, èyí tẹ́ ẹ máa jókòó yí tábìlì ká, tí ẹnì kan á máa darí eré, tí ẹ̀yin yòókù á máa fi ẹnu àti dáìsì ṣe akọni tiyín, ohun tí gbogbo èèyàn ń bi mí ni pé ìwé wo ni káwọn rà. Èmi náà á bi yín padà: tí wọ́n bá ṣá akọni yín ládàá, kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí i? Ibẹ̀ gan-an ni àwọn gémù yìí ti yàtọ̀ síra, kì í ṣe àwòrán ẹ̀yìn ìwé.

Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé Sátidé-Sátidé la máa ń ṣe tiwa ní Ifẹ̀ níbí, ọ̀rẹ́ wa kan sì máa ń wọ mọ́tò láti Iléṣà wá. Lọ́jọ́ kan báyìí, a ò tíì ṣe tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi dá akọni ẹ̀ dùbúlẹ̀, bó ṣe jókòó fún wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wo àwa tó kù. Kò bínú o, àmọ́ mo rí ojú ẹ̀. Látọjọ́ yẹn, tí mo bá ṣí ìwé gémù, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń wá, kí n lè mọ ẹni tó máa di òǹwòran àti bó ṣe máa pẹ́ tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ọgbẹ́ kan náà gba inú márààrún kọjá. Akọni wa jẹ́ ọdẹ, wọ́n dá a lọ́nà nínú igbó, ẹnì kan gbé àdá lé e léjìká.

Dungeons & Dragons lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, òun ló dàgbà jù, 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé e jáde. HP, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ iye ẹ̀mí tó kù lára akọni, ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Ká ní ọdẹ wa ní HP 12, àdá gba 8, ó ku 4, ó ṣì ń sáré, ó ń fò, ó ń jà bí ẹni tí wọn ò fọwọ́ kàn, kò sóhun tó dín lára ẹ̀ títí HP á fi kan 0. Ìgbà yẹn ló máa ṣubú, tó bá ti kàn án á ju dáìsì ojú 20: 10 sókè dáa, ìsàlẹ̀ 10 ò dáa, tí mẹ́ta bá dáa ó bọ́, tí mẹ́ta ò bá dáa ó kú. Nínú ìwé ti 2014, tó bá ti sùn mọ́jú báyìí gbogbo HP ẹ̀ ti padà. Ó dáa fáwọn ọmọdé àti ẹni tó fẹ́ jà láti àárọ̀ dalẹ́, àmọ́ ọgbẹ́ ò dun èèyàn níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ní D&D tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kó le sí i, ẹ má tíì lọ ra nǹkan míì, ìwé adarí ti 2014 ní òfin àfikún kan fún ọgbẹ́ tí kì í tètè lọ, ẹ máa ju dáìsì ojú 20, 1 ojú kan fọ́, 2 ọwọ́ tàbí apá lọ, 3 ẹsẹ̀ lọ, 17 sókè àpá kékeré lásán ni. A dán an wò. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń jà níwájú ló ń gba gbogbo ẹ̀, oníidán tó sá sẹ́yìn ò ní àpá kankan, jagunjagun wa ti di olójú kan tó ń tiro kí oṣù tó parí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tá a bẹ̀ ẹ́ ló ń ṣe o, ó ń dáàbò bo àwa. Kò dáa kí òfin máa fìyà jẹ ẹni tó ń ṣe dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ jẹ́ kí ìwòsàn wà nítòsí.

Call of Cthulhu ti ilé iṣẹ́ Chaosium, 1981 ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀dà keje ni mò ń sọ. Eré ẹ̀rù ni, ara èèyàn lásán sì lẹ ní níbẹ̀. Ọdẹ wa ní 12, àdá gba 8, wàhálà dé, torí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá ti kó ìdajì HP yín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọgbẹ́ ńlá nìyẹn. Á ṣubú lulẹ̀, á ju dáìsì lórí agbára ara ẹ̀ bóyá á dákú. Tó bá tún kan 0 pẹ̀lú ọgbẹ́ ńlá yẹn, ó ti ń kú lọ, àfi kẹ́nì kan sáré fún un ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọgbẹ́ kékeré ń san ní HP 1 lójúmọ́, àmọ́ tọgbẹ́ ńlá, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ máa ju dáìsì fún un, ó lè má san rárá lọ́sẹ̀ yẹn. Ọgbẹ́ ibẹ̀ dà bí òṣómàáló, tó bá ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín kò ní dìde àfi tó bá gbowó ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, èèyàn máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fa ìjà. Ṣùgbọ́n òun ló ń sọ èèyàn di òǹwòran jù.

Fate Core ti 2013 yàtọ̀ pátápátá, kò tiẹ̀ sí HP. Tí àdá bá wọlé, ẹ lè fi àpótí sítírẹ́ẹ̀sì gbà á, ìyẹn àwọn àpótí kékeré tẹ́ ẹ máa fàmì sí lórí ìwé akọni yín, àmì náà á pa rẹ́ tí ìjà bá parí, tàbí kẹ́ ẹ gba ọgbẹ́ kẹ́ ẹ fún un lórúkọ, kékeré ń gba 2 kúrò nínú agbára àdá náà, àárín ń gba 4, ńlá ń gba 6. Ọdẹ wa gba ti àárín, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé «èjìká ọ̀tún ya». Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ti wọnú eré nìyẹn, ọ̀tá lè fà á yọ láti fi kún dáìsì tiẹ̀, ọdẹ náà ò sì lè fa ọrun bíi tàná. Ohun tó wù mí jù ni pé kí wọ́n tó ju dáìsì, ẹ lè ní ẹ gbà pé ẹ ti pàdánù, ẹ máa gba ẹ̀bùn fún un, ẹ̀yin náà á sì lẹ́nu nínú bẹ́ ẹ ṣe máa kúrò ńbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn kíkà nọ́ńbà ò ní gbádùn ẹ̀ ṣá.

Blades in the Dark ti John Harper, 2017, òun lèmi á rà tó bá jẹ́ owó ìwé kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Adarí á ní, «àdá ti wọ èjìká ẹ, ìpele 3 ni», ẹni tí wọ́n ṣá á wá dá a lóhùn pé rárá, mi ò gbà. Á ju dáìsì, á yọ èyí tó ga jù kúrò nínú 6, iye tó ṣẹ́ kù ló máa fi sítírẹ́ẹ̀sì san. Ó ju 4, ó san 2, ọgbẹ́ náà wálẹ̀ sí ìpele 2, ó ń jà lọ pẹ̀lú dáìsì tó fi ẹyọ kan dín. Ká ní 1 ló jù, sítírẹ́ẹ̀sì 5 ló máa fàmì sí nínú àpótí 9 tó ní, tí 9 yẹn bá sì kún ó ti jáde nínú ìran yẹn, ọkàn ẹ̀ á ní àpá tí kì í lọ, àpá mẹ́rin sì ni òpin akọni. Ṣẹ́ ẹ rí i, kò sí ìgbà tí wọ́n kàn ṣá èèyàn tí kò ní lè fèsì. Ọ̀rẹ́ wa ará Iléṣà, eré yìí ló ń béèrè nísinsìnyí kó tó wọ mọ́tò. Ẹ kàn mọ̀ pé olè àti ọmọ ìta lẹ máa ṣe níbẹ̀, tí ìyẹn bá ta ko ẹ̀rí ọkàn yín ẹ fi sílẹ̀.

Cairn ti Yochai Gal, 2020, ọ̀fẹ́ ni PDF ẹ̀. Kò sí pé àdá tàsé, ó ti bà yín nìyẹn. HP ibẹ̀ kì í ṣe ẹran ara, bẹ́ ẹ ṣe ń yẹra fún ìyà ni. Ọdẹ wa ní 4, ẹ̀wù ẹ̀ gba 1 kúrò nínú 8 ti àdá, ẹyọ 7 tó kù jẹ 4 yẹn tán, 3 wá bọ́ sínú agbára ara ẹ̀, 11 di 8, ó gbọ́dọ̀ ju 8 tàbí ìsàlẹ̀ ẹ̀ lórí dáìsì ojú 20, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa rá ní ilẹ̀, tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀ kò ní kọjá wákàtí kan. Tí HP bá kan 0 gééré, àpá ló máa gbà, ó sì lè mú kí HP ẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kú níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ fi ń ṣe akọni tuntun, ẹ̀pà ò ní tán kẹ́ ẹ tó padà wọlé.

Ní ti owó, ẹ má san kọ́bọ̀ kẹ́ ẹ tó dán an wò. Òfin Fate àti ti Blades wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti D&D náà wà lábẹ́ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tó jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, láti 2023, Chaosium ní ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún Call of Cthulhu. Ẹ dàńlóòdù ẹ̀, ẹ tẹ ojú ewé ọgbẹ́ nìkan jáde, ẹ fi ja ìjà kan.

Dáìsì ńkọ́? D&D àti Cairn fẹ́ dáìsì olójú púpọ̀, Cthulhu náà bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi áàpù orí fóònù ju tiyín ná. Blades ò fẹ́ ju dáìsì lúdò lọ. Fate náà á gba ti lúdò, mẹ́rin lẹ máa lò, 1 àti 2 jẹ́ ìyọkúrò, 3 àti 4 òfo, 5 àti 6 àfikún. Kíùtẹ̀sì pupa la fi kun ojú 5 àti 6 tiwa, a fi dúdú kun 1 àti 2, a jẹ́ kó gbẹ mọ́jú.