Ẹ̀dà Àkọ́kọ́ Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: Ṣé Ti Grafton Lẹ Máa Rà ni, àbí Ti Galbraith?

Bí owó ọwọ́ yín bá ká ìwé kan ṣoṣo, èwo lẹ máa mú nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ (èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀) ìwé méjì yìí? Àkọ́kọ́ ni A Is for Alibi tí Sue Grafton kọ, tí Holt, Rinehart and Winston tẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1982. Èkejì ni The Cuckoo's Calling, tí Sphere tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹrin ọdún 2013 lórúkọ Robert Galbraith. Ọ̀wọ́n ni méjèèjì, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà di ọ̀wọ́n yàtọ̀ síra.

Díẹ̀díẹ̀ ni ti Grafton gbówó lérí. Kò tíì lórúkọ nídìí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nígbà tó gbé A jáde, ìwé àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ ìwé tí àkọlé kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan, láti orí A lọ. Bí lẹ́tà ṣe ń tẹ̀ lé lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ làwọn tó fẹ́ràn Kinsey Millhone, obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú àwọn ìwé náà, ń pọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń padà wá ìwé tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Grafton kú ní ìparí ọdún 2017, lẹ́yìn tó ti kọ Y. Kò sí Z.

Òru ọjọ́ kan ni ti Galbraith. 1,500 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó bìkítà. Ìgbà tó di oṣù keje, ìwé ìròyìn Sunday Times tú àṣírí pé J.K. Rowling, ẹni tó kọ Harry Potter, ni Galbraith. Ni gbogbo ayé bá ń wá a kiri, ni ilé ìtẹ̀wé bá sáré lọ tẹ 140,000 sí i. Ẹni tó rà á lọ́sẹ̀ yẹn ra ìwé, ó sì ra ariwo mọ́ ọn.

Àwọn 140,000 yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí wọ́n jọ ojúlówó. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú ewé tí àkọlé wà. Bó bá jẹ́ ojúlówó ẹ̀dà àkọ́kọ́, ìlà nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ ni 1 3 5 7 9 10 8 6 4 2. Bí 1 bá ti kúrò, àtúntẹ̀ ni. Ti Grafton, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà First Edition àti nọ́ńbà 1 kan náà.

Ewu ti Grafton ni ẹ̀dà tó ti ilé ìkàwé wá. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀, tàbí àmì gọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n ti lẹ àpò káàdì mọ́ èèpo ẹ̀yìn, ẹ má san owó ìwé tó mọ́. Ẹ wo jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn bébà tí wọ́n fi bo èèpo ẹ̀yìn, dáadáa: ṣé wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé igun tí iye owó wà dànù? Ṣé oòrùn ti pa ẹ̀gbẹ́ tó máa ń kọjú síta lórí pẹpẹ? Ìwé tí kò ní jákẹ́ẹ̀tì, èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ti lọ.

Ní ti ìbuwọ́lùwé, Grafton buwọ́ lu ìwé púpọ̀, nítorí náà ìbuwọ́lù lórí àwọn lẹ́tà ìkẹyìn, látorí S tí Putnam tẹ̀ lọ́dún 2005, kò yẹ kó wọ́n. Orí A, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ti Galbraith tó ti wà ṣáájú oṣù keje 2013 ṣọ̀wọ́n gan-an, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá.

Èmi á mú Grafton tí kò ní ìbuwọ́lù, tí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí òǹtajà fi fọ́tò ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé ránṣẹ́ ṣáájú owó. Bó bá ń ṣe àwáwí, ẹ wá ibòmíràn lọ.