Ẹkún inú ímeèlì kì í ṣe owó: ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin ọmọ Òkun tí ẹ ń ta orúkọ ìkànnì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀kún o. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Mòpà, ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìyàrá, tí ẹ ń fi owó kékeré ra orúkọ ìkànnì (domain name, ìyẹn àdírẹ́sì tí èèyàn ń tẹ̀ láti dé ìkànnì kan) kí ẹ lè tà á lérè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn oníjìbìtì kan wà tí wọn kì í halẹ̀ mọ́ èèyàn, wọn kì í sì í fi owó ńlá fa ojú ẹni. Ẹkún ni wọ́n ń sun. Wọ́n á kọ̀wé bí opó, bí ọmọ ilé ìwé tí kò ní olùrànlọ́wọ́, bí pásítọ̀ tó ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí, bẹ́ẹ̀ ọjà ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń wá gbà. Àwa ará ibí sì rèé, bí ẹnì kan bá ní ọ̀fọ̀ ṣẹ òun, kó tó sọ ọ́ tán la ti ń tọwọ́ bọ àpò. Ìwà rere nìyẹn, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni àwọn èèyàn yìí fi ń mú wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ hàn yín. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Auth code tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń gbé orúkọ ìkànnì lọ; ibi tí mo sì kọ “orúkọ yìí” sí, orúkọ ìkànnì náà gan-an ló wà níbẹ̀. Ohun tó sọ rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́. Opó ni mí. Ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo kú nínú jàǹbá ọkọ̀. Kó tó kú, ó sọ fún mi pé orúkọ yìí ni òun máa fi dá ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀, mo sì fẹ́ ṣe é ní ìrántí rẹ̀. Dọ́là 60 ló kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi auth code rẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè fi han àwọn ọmọ ìjọ wa pé ọ̀rọ̀ ti dájú, wọ́n á dá owó tó kù. Ọlọ́run yóò san án fún yín.”

Ẹni tó bá ka èyí láàárọ̀ kùtù, tí àánú rẹ̀ ò ṣe é, ọkàn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Orúkọ ìkànnì tí ọmọ olóògbé fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan péré nínú gbogbo lẹ́tà náà, ó sì tóbi ju àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká lọ, dúdú rẹ̀ náà ò sì rí bákan náà. Ibòmíì ni wọ́n ti gé e, wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì ìdáhùn, àdírẹ́sì tó yọ yàtọ̀ sí èyí tí lẹ́tà náà ní òun ti wá. Mo mú gbólóhùn kan nínú rẹ̀, mo fi àmì àyọlò sí i lọ́tùn-ún lósì, mo wá a lórí Google. Àwọn míì ti rí i gbà rí, ibi tí ọmọkùnrin wà nínú tèmi, ọmọbìnrin ló wà nínú tiwọn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ ó rí irú àmì bẹ́ẹ̀. Èyí tó já fáfá láàárín wọn á kọ lẹ́tà tí kò lábùkù kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn àbúrò mi tó wà nídìí òwò yìí pé kí wọ́n yé jókòó ti ìtàn náà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọmọ kú tàbí kò kú. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n láti Kàbà. Ohun tí ẹ lè mọ̀ ni ohun tí lẹ́tà náà ní kí ẹ ṣe. Bó bá ní kí ẹ gbé ọjà sílẹ̀ kí owó tó dé, jìbìtì ni. Bó bá ní kí ẹ náwó kí ẹ tó lè gbowó, jìbìtì ni. Bó bá ní kí ẹ ṣí fáìlì kan tàbí kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín síbì kan, jìbìtì ni. Ìbáà ṣe opó lóòótọ́, kò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí auth code, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni, ọ̀dọ̀ registrar, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí ẹ ti forúkọ náà sílẹ̀, lẹ ti ń gbà á. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, tí ẹ bá sì ti ṣí títì tí registrar fi ń dènà gbígbé orúkọ náà lọ, á gbé e lọ sọ́dọ̀ registrar mìíràn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe nìyẹn. Kò sí ìjọ, kò sí ìgbìmọ̀, kò sí báńkì tó nílò láti rí i. Bí oníbàárà bá fẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ, kó fún yín ní ọ̀rọ̀ kan tó bá wù ú, kí ẹ kọ ọ́ sínú DNS orúkọ náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ náà tí gbogbo ayé lè wò, bíi TXT record, ìyẹn ìlà ọ̀rọ̀ lásán, á wò ó fúnra rẹ̀ láti ibi tó bá wà. Ẹ̀rí tó dájú nìyẹn, kò sì ní pa yín lára. Bí ẹ bá fi èyí lọ opó náà tó sì tún padà sórí auth code, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Bí orúkọ bá sì ti lọ, ẹ má rò pé ọ̀la lẹ ó gbà á padà. Ní 1995, ẹnì kan fi lẹ́tà ayédèrú gba orúkọ ìkànnì tí Gary Kremen ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1994. Ilé iṣẹ́ tó ń fi orúkọ sílẹ̀ gba lẹ́tà náà gbọ́, ó gbé orúkọ náà fún olè. Ọdún 2000 ni ilé ẹjọ́ tó pàṣẹ kí wọ́n dá a padà. Ní 2001 wọ́n ní kí olè náà san mílíọ̀nù 65 dọ́là, ṣùgbọ́n ó ti sá kúrò nílùú. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí Kremen ti ní lọ́yà tó sì ní agbára àtidúró ti ẹjọ́. Ọmọ wa kan ní Ìsánlú tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ta ni yóò bá a pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀nà kejì ni ti ìwé ẹ̀rí iye. Níbí, ẹkún náà máa ń wá pẹ̀lú ìrètí. Pásítọ̀ á ní àjọ kan lókè òkun ti ṣèlérí láti bá àwọn ọmọ aláìlóbìí ra orúkọ náà, iye tí wọ́n sì dá á pọ̀ ju ohun tí ẹ lálàá lọ. Ó ku ohun kékeré kan: àjọ náà fẹ́ rí ìwé tó fi hàn pé orúkọ yìí tó iye bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin á ní ẹ ti ní ìdíyelé kan tí ẹ̀rọ ìkànnì kan ṣe. Á ní rárá, àjọ náà ò gba ti ẹ̀rọ, ti èèyàn ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀yin á béèrè pé níbo la ti ń rí i. Á rọra darí yín sí ìkànnì kan, nígbà míì sí ibi tí ẹnì kan ti béèrè ìbéèrè kan náà tí ẹlòmíì sì ti dáhùn pé ibẹ̀ ló dáa jù, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló béèrè, òun náà ló dáhùn. Ẹ ó san owó ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Òun ló ni ìkànnì náà. Bí owó bá ti wọlé, pásítọ̀ ò ní sí mọ́, àjọ ò ní sí mọ́. Oníbàárà gidi kì í yan ibi tí olùtajà á ti lọ náwó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe rí, ẹ lọ sí NameBio, ẹ wo iye tí wọ́n ti ta àwọn orúkọ tó jọ tiyín.

Ti fáìlì, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. “Fọ́tò ọmọ mi rèé kí ẹ lè rí ojú rẹ̀.” Fáìlì náà parí sí .html tàbí .zip. Bí ẹ bá ṣí i, ojú ewé kan á jáde bí ẹni pé ímeèlì yín ló ní kí ẹ tún tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín. Ẹni tó bá gba ímeèlì yín ti gba gbogbo orúkọ tí ẹ fi ímeèlì náà forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni registrar ń fi gbogbo nǹkan ránṣẹ́ sí. Ẹ má ṣí i. Ojú ọmọ kì í wà nínú fáìlì tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé.

Ti owó tó kéré wá yàtọ̀ díẹ̀, mo sì fẹ́ ká jẹ́ olódodo nípa rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní òun ò lówó lọ́wọ́ ni oníjìbìtì. Àwọn míì, aṣojú ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, wọ́n fi orúkọ ọmọ ilé ìwé bojú kí ẹ má bàa mọ ẹni tó fẹ́ rà á. Ní 2019, ilé iṣẹ́ Block.one san mílíọ̀nù 30 dọ́là fún ilé iṣẹ́ MicroStrategy láti ra orúkọ Voice.com. Ẹni tó bá mọ̀ pé irú owó bẹ́ẹ̀ wà nínú òwò yìí, á mọ ìdí tí olówó kì í fi í fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wá. Ìnájà lásán nìyẹn, kò lòdì sófin, àmọ́ fífi òkú ọmọ nájà ń bí mi nínú. Àwọn míì sì wà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé ìwé lóòótọ́. Fún irú wọn, ẹ lè dín owó kù bí ó bá wù yín. Ẹ tún lè gba kí wọ́n máa san díẹ̀díẹ̀ lórí ọjà bíi Afternic tàbí Sedo, níbi tí orúkọ kò ti ní di tiwọn títí owó yóò fi pé. Ẹ ti ṣàánú, ọjà yín ò sì sọnù.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà ẹlẹ́kún tó ń fi ìbéèrè fa iye lẹ́nu yín lórí orúkọ tó jọ ti ilé iṣẹ́ kan. Ní 2004, ọmọ ilé ìwé kan ní Kánádà, Mike Rowe, ní MikeRoweSoft.com. Microsoft fi dọ́là 10 lọ̀ ọ́, ó ní dọ́là 10,000 lòun fẹ́, iye tó dá yẹn gan-an ni wọ́n wá fi sọ pé èrò ibi ló fi gba orúkọ náà. Nílé wa níbí, abala 25 nínú òfin Cybercrimes ti 2015 fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tàbí méjèèjì, sórí ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba orúkọ oníṣòwò tàbí orúkọ ẹlòmíì tí kò ní ẹ̀tọ́ sí. Nítorí náà, orúkọ tó jẹ́ ti ẹlòmíì, ẹ má rà á rárá, ká má tilẹ̀ sọ pé ẹ fẹ́ tà á fún opó.

Ìdáhùn tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, olóòótọ́ àti èké, bákan náà ló rí. Ẹ lè mú un lò:

“Ẹ kú àjálù, Ọlọ́run á tù yín nínú. Iye orúkọ yìí ni báyìí. Escrow.com la ó lò, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti fi tó mi létí pé owó yín ti wọlé sọ́dọ̀ wọn, màá gbé orúkọ náà fún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò ń fi auth code ránṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà.”

Escrow ni ẹni àárín tó ń gba owó pamọ́ títí oníbàárà yóò fi sọ pé ọjà ti dé ọwọ́ òun. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ tẹ àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ má gba link tí oníbàárà fi ránṣẹ́ wọlé síbẹ̀, torí wọ́n máa ń ṣe ìkànnì tó jọ ọ́ bí ìbejì, tí álífábẹ́ẹ̀tì kan péré ni àdírẹ́sì rẹ̀ fi yàtọ̀. Ìfitónilétí pé owó ti wọlé náà, inú àkáǹtì yín níbẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe inú ímeèlì. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí alẹ́ẹ̀tì ayédèrú rí lọ́jà ò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì gba káàdì lọ́wọ́ àlejò fún orúkọ ìkànnì: bí káàdì náà bá jẹ́ ti ẹlòmíì, báńkì á fa owó náà padà lẹ́yìn tí orúkọ ti lọ.

Ẹni tó bá ń ka èyí tó sì ti fi auth code ránṣẹ́ sí ẹnì kan láìtíì gbowó, má jókòó máa ronú. Wọlé sọ́dọ̀ registrar rẹ nísinsìnyí, ti orúkọ náà padà, kí o sì ní kí wọ́n fún ọ ní auth code tuntun. Ti àtijọ́ á di aláìwúlò. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ, tó sì jẹ́ .com, ó máa ń tó ọjọ́ 5 kó tó parí, registrar rẹ á sì fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ. Inú ímeèlì náà lo ti máa kọ̀ ọ́. Wò ó nínú spam pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ .ng, pe registrar rẹ lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú.