Pọ́ǹpù táyà oní-12V: ibi tó ti wúlò lọ́nà jíjìn, àti ibi tó kù sí

Ká kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: ẹ̀rọ yìí kì í dí ihò. Atẹ́gùn ló ń fẹ́, bí ìṣó bá sì ti gún táyà, ibi ihò yẹn náà ni gbogbo ohun tó bá fẹ́ wọlé yóò gbà jáde. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kéèyàn rà á láìra àpò ìdíhò mọ́ ọn: irin bíi fáìlì tí wọ́n fi ń ha ojú ihò, abẹ́rẹ́ olójú ńlá, àti okùn rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́wọ́. Bí méjèèjì bá wà nínú búùtù, ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jò láàrin Jẹ́bà sí Mókwà lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà.

Ẹ má tíì fa ìṣó náà yọ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kánjú fà á, táyà á sì balẹ̀ kí wọ́n tó wá àpò jáde. Ẹ ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ dé ìdajì ná, kí ẹ tó wá fi píláyà fa ìṣó. Ẹ ki irin wọ ihò, ẹ tì í wọlé, ẹ fà á jáde, títí yóò fi rọrùn. Ẹ ti okùn wọlé títí yóò fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà 2 níta, ẹ fa abẹ́rẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ gé ìyókù. Lẹ́yìn tí ẹ bá fẹ́ ẹ tán, ẹ da omi ọṣẹ sí i. Bó bá ń hó, kò tíì dí nìyẹn, ẹ fi okùn kejì kún un.

Ojú táyà tó ń tẹlẹ̀ nìkan ni èyí wà fún. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya, bó ṣe sábà máa ń rí nígbà tí ọkọ̀ bá yà kúrò ní títì bọ́ sí ọ̀nà olókùúta, okùn ò ràn án. Ó di sípíà.

Orí sípíà gan-an ni pọ́ǹpù yìí ti pa owó rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá nílò sípíà ni wọ́n máa ń rí i pé ó ti rọ̀ pátápátá. Sípíà tínrín tó wà nínú àwọn ọkọ̀ kan, 60 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà) ló ń gbà, kì í ṣe nǹkan bí 32 tí táyà yòókù ń gbà, kò sì gbọdọ̀ sáré ju 80 km/h lọ.

Géèjì ara pọ́ǹpù ń parọ́. Nígbà tí a fi géèjì ọwọ́ wò ó, psi 3 ló fi lé e. Ẹ má wo nọ́ńbà ara táyà, òkè pátápátá tí táyà lè gbà nìyẹn. Sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ wò, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí táyà tó gbóná. Pọ́ǹpù náà ń gbóná: bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ fi àkísà mú irin ẹnu rọ́bà rẹ̀.

Ohun tó ń mú kí wọ́n máa gbé e padà sọ́jà pé ó ti kú, fíùsì ọkọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Pọ́ǹpù oní-120W ń fa iná bíi 10A (áńpíà). Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fíùsì 15A ló wà nídìí ihò ìtanná sìgá tí wọ́n ń ki pọ́ǹpù bọ̀; bí ṣájà àti fáànù bá tún wà lórí ihò kan náà, ó lè jó, pọ́ǹpù á dákẹ́. Ẹ fi 15A aláwọ̀ búlúù méjì pamọ́. Bí ẹ bá fi 30A rọ́pò rẹ̀, wáyà ni yóò jó dípò fíùsì. Ẹ tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kí bátìrì má bàa kú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ na wáyà rẹ̀ wò. Bí kò bá tó mítà 3, kò ní dé táyà ẹ̀yìn.